Ọwọ́ Màmá Tún-Un-Sá

Ní ọjọ́ tí a sin ìyá tó bí ìyá mi, èèyàn méje ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní onísùúrù ni. Ẹnì kejì ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹnì kẹta, tí Màmá fúnra rẹ̀ ti lé jáde nínú ọgbà wa lẹ́ẹ̀mejì, ní ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Mo ń wo pósí láti orí àga mi. Mo ń retí kí ìdérí rẹ̀ ṣí, kí ó dìde jókòó, kí ó sì sọ ohun tó sọ fún gbogbo wa láyé: "Irọ́ ni. Ẹ tún un kà."

Kò dìde. Nítorí náà, èmi Títílayọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó tọ́ dàgbà ní Abúlé Òkúta, ni n ó bá a tún un kà. N kò ní sọ ibi tí wọ́n bí i sí àti ilé ìwé tó lọ. Ìyẹn wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n sì ti ṣì í kọ níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Màmá ní láyé, kò sí èyí tó fi ń yangàn tó ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi kì í purọ́," ló máa ń wí, ó sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí tí òun yóò fi kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó kù díẹ̀ kí ó má rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, ọjọ́ ogbó ló fà á. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, èmi ni.

Bébà kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀, ní ilé ìtẹ̀wé ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Láyí, ní Ṣómólú. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀wé tán, àwọn obìnrin ló máa ń ka bébà náà, tí wọ́n á tò ó, tí wọ́n á sì dì í kí oníbàárà tó wá gbé e. Màmá á ki rọ́bà pupa kékeré kan bọ àtàǹpàkò ọ̀tún, á fi ọwọ́ òsì di ìdì bébà mú, á tẹ̀ ẹ́ kí etí rẹ̀ là bí abẹ̀bẹ̀, àtàǹpàkò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ré e kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣà-ṣà-ṣà, kò ní kánjú, kò sì ní fà. Rímù kan jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bébà. Bí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ kókó ìròyìn aago méje, tí Màmá náà bẹ̀rẹ̀ rímù kan, àwọn méjèèjì á jọ parí ni. Àwọn èèyàn a máa wá láti ilé ìtẹ̀wé mìíràn wá wò ó. Ọ̀gá Láyí a sì máa sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ̀rọ mẹ́ta ni òun ní, pé ọ̀kan nínú wọn ń lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi.

Bí ọwọ́ tó ń ka bébà ṣe wá di ọwọ́ tó ń ka eré ìje, kẹrosíìnì ló fà á. Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá sì ni mí. Ojú olóṣèlú ló kún gbogbo ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú lọ́dún náà. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ ládùúgbò wa tẹ pósítà rẹpẹtẹ, ó ní òun máa bo gọ́tà Abúlé Òkúta. Kò wọlé, kò sì padà wá kó èyí tó kù. Màmá ru ìdì méjì wálé, ó ní bébà tó dára tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi dáná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rán mi lọ ra kẹrosíìnì, mo sì dúró wo àwọn tó ń ta ayò lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo padà dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdì pósítà lọ́wọ́.

"Ẹgbẹ̀rún ó lé ogójì," ni ó wí.

"Kí ni, Màmá?"

"Bébà tí mo kà kí o tó dé ni. Iṣẹ́ tí mo rán ọ kò ju ẹgbẹ̀ta lọ."

Ó gba kẹrosíìnì lọ́wọ́ mi, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì mìíràn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Kí ni kí n rà, Màmá?"

"O ò ra nǹkan kan. Tún un sá."

Mo tún un sá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti ń dé kí ó tó ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọn ìyá tó ní ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ tí kì í tètè dé rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú tiwọn wá. Kò sẹ́ni tó ronú kan eré ìdárayá. Ata àti ìyọ̀ tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà ló ń dùn wọ́n. Kí Kérésìmesì tó dé, a ti di mẹ́sàn-án. Kò sì sẹ́ni tó tún pe Màmá ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Màmá Tún-Un-Sá ló ń jẹ́ títí dé Fọlá Àgòrò.

Díẹ̀díẹ̀ ni ó wá di ohun gidi. Màmá la ọ̀nà kan sílẹ̀ fún wa: láti iwájú mọ́ṣáláṣí kékeré dé ìdí tíráńsífọ́mà, kí a sì padà. Gọ́tà tí kánsẹ́lọ̀ ní òun ó bò wà láàárín, a sì ń fò ó lálọ lábọ̀. Ọkùnrin náà kò mọ bí òun ṣe ràn wá lọ́wọ́ tó. Ojú rẹ̀ gan-an ni Màmá sì fi ń kà wá, nítorí pé àtàǹpàkò á máa ré e kọjá bí a bá ti ń sáré, ẹ̀rín rẹ̀, fìlà rẹ̀, ìlérí rẹ̀. "Ẹni tó bá sá a kí n tó ka igba," ni Màmá wí, "olúwarẹ̀ ti di eléré. Ẹni tó bá kọjá igba, iṣẹ́ ilé ló ń jẹ́."

A máa ń sá ní kùtùkùtù kí a tó lọ ilé ìwé. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, eré gígùn tí kò le ni. A óò gba Abúlé Òkúta dé Fọlá Àgòrò, a óò sì padà, orin ìjọ lẹ́nu wa. Ẹni tí kò bá lè kọrin mọ́ ti sá jù, á rìn díẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dùn jù kò tíì bẹ̀rẹ̀, á yára sí i. Ní Wẹ́sìdeè, eré kíkankíkan: láti òpó iná kan dé èkejì bí ẹni tí ajá ń lé, kí a rìn dé ẹ̀kẹta, kí a tún gbéra. Ní Sátidé, a óò lọ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà níbi tí wọ́n ti ń ta yanrìn, a óò máa sá gun òkìtì yanrìn títí itan wa á fi máa gbọ̀n. Àwọn oníyanrìn á bú wa, Màmá onísùúrù á sì bú wọn padà, bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá wọn. Ní ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sáré, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Mo bi í pé ṣé ọjọ́ ìsinmi Olúwa ló fà á. Ó ní, "Ìyẹn náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í yára nígbà tó bá ń sáré. Ìgbà tó bá ń sinmi ló ń yára."

Òun alára kò sáré. N kò rí i kí ó sáré rí láyé mi, kódà nígbà tí òjò bá ká a mọ́ ìta. Bó ṣe ń rìn lọ sí Ṣómólú láràárọ̀, àwọn ọlọ́kadà á máa pè é, á máa dá wọn lóhùn pé kò sẹ́ni tó ń lé òun. Ṣùgbọ́n ó ní òun sáré rí, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé òun ti ju gbogbo wọn sẹ́yìn kí gèlè òun tó já bọ́, tí òun sì padà mú un. Gèlè ìyá òun ni, kò sì sọ fún ìyá náà kó tó wé e. Bí ó bá ti ń sọ ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó jù sẹ́yìn ń pọ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi Mùíná, tí yàrá ìyá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ni kò lè pa á mọ́ra.

"Màmá, ṣebí ẹni mẹ́jọ lẹ sọ lọ́jọ́sí? Báwo ló ṣe di méjìlá?"

"Àwọn mẹ́rin yòókù ló pẹ́ kí wọ́n tó dé," ni Màmá wí. "N kò dúró kà wọ́n nígbà náà."

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo sọ pé kì í purọ́. N kò sọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ìjà tó jà pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ dùn jù ni ti Ìyá Mùíná. Aránṣọ ni obìnrin náà, Mùsùlùmí tó dúró dáadáa ni, kò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin òun wọ ṣòkòtò péńpé sáré káàkiri àdúgbò. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tẹ́èpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Wọ́n ti ń wò ó níta."

"Ta ló ń wò ó?"

"Àwọn ọkùnrin ni."

"Kí wọ́n wò ó dáadáa. Wọn ò lè bá a."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò kí ara wọn. Mùíná ń sunkún, nítorí òun ló fẹ́ràn eré náà jù nínú wa, òun ló sì mọ orin ìjọ Onítẹ̀bọmi ju àwọn díákónì wa lọ. Ní ọjọ́ kan, Màmá gbé ìgàn aṣọ kan lọ bá Ìyá Mùíná, ó ní òun fẹ́ rán nǹkan. Ó ní kí ó rán ṣòkòtò gígùn tó fẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kókósẹ̀, mẹ́sàn-án. Ìyá Mùíná wo aṣọ náà, ó wo Màmá, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la wọ ọ́, àti Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, a dà bí ẹgbẹ́ akọrin tó ń sá fún ìyà. Nígbà tí mo ráhùn pé ó wúwo, ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ ni pé, "Ẹsẹ̀ ló ń sáré, kì í ṣe aṣọ."

Ọdún karùn-ún tí a ti ń sáré ni iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀. Tíṣà eré ìdárayá ilé ìwé wa ti sọ fún wa pé wọn yóò fi ìdíje mú ọmọbìnrin mẹ́ta láti agbègbè wa lọ sí ilé ìwé ìjọba kan tí àwọn ọmọ ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ti ń kọ́ eré sísá. Mo fẹ́ lọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lá a lójú oorun. Ní ọdún tó ṣáájú, igba ó lé mẹ́rin ni mo ń sá, n kò já igba rí. Ní ọdún yẹn, ó di àádọ́wàá, lẹ́yìn náà ọgọ́sàn-án, lẹ́yìn náà ọgọ́jọ. Màmá á ka bébà tán, á tún iye rẹ̀ wí, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́, òun tí kì í yin èèyàn. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀sẹ̀ kan, mo sá àádọ́jọ.

Ó yẹ kí a ti fura. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń yára. Gbogbo wa la jọ ń yára. Mùíná tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n bí epo, sá ju bó ṣe sá kí ibà tó mú un lọ. Ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ mi rọ́ níbi gọ́tà, mo tiro dé ìdí tíráńsífọ́mà, mo tiro padà, Màmá sì ní igba ó lé méjì. Mo tiro bí mo ṣe ń sáré lọ́dún tó kọjá! A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a dúpẹ́ lọ́wọ́ òkìtì yanrìn. Èèyàn kì í wádìí oore.

Ìdíje náà bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀. Irinwó mítà ni mo sá, àwa mẹ́jọ. Màmá tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, ó kó pósítà rẹ̀ dání bí ẹni tó ń lọ polongo ìbò. Mo gbéra pẹ̀lú ìdánilójú, mo tilẹ̀ ti ń ro bí n ó ṣe di ẹrù mi. Ẹni kẹfà ni mo ṣe. N kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò tì mí, bàtà mi kò já. Wọ́n kàn sá jù mí lọ ni.

Tíṣà wa wo aago tó fi ń ka ìṣẹ́jú, ó wo ìwé kékeré kan. "Títí, séèmù táímù tí o sá lọ́dún tó kọjá nìyí o. Kò tilẹ̀ yí padà rárá."

"Ẹ tún un wò, sà," ni mo wí. "Mo ti yára."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo bojú wẹ̀yìn wo bẹ́ǹṣì, mo sì rí i pé Màmá gbọ́. Ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, a kò lọ sí ibi yanrìn. Ó ní kí n wọ bàtà kí n tẹ̀ lé òun, a sì rìn lọ sí Ṣómólú. Ọ̀gá Láyí àti àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń ka bébà ti wà níbẹ̀. Màmá kí wọn, ó jókòó, ó ki rọ́bà pupa bọ àtàǹpàkò, ó mú rímù kan tí wọn kò tíì tú, ó sì dúró de rédíò. Nígbà tí ìròyìn aago méje bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ náà dáadáa fúnra mi. Oríkèé àtàǹpàkò ti wú. Ó ń ré bébà kọjá, ṣùgbọ́n ó ń sinmi díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Kókó ìròyìn parí. Màmá ka ìyókù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: mọ́kànléláàádóje.

Ó gbé bébà náà kalẹ̀. "Láyí, ó ti tó ìgbà wo?"

"Kí ni ẹ ń bèèrè, Màmá?"

"Má fi mí ṣeré."

Ọ̀gá Láyí bojú wolẹ̀. "Ó tó bí ọdún kan, Màmá. Ẹ má bínú. Ta lẹ fẹ́ kó sọ fún yín? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní bébà kíkà."

Ibẹ̀ ni ó ti hàn pé gbogbo wọn ló mọ̀. Àwọn obìnrin náà ti ń fà lára ìdì tirẹ̀ kà nígbàkígbà tó bá dìde lọ mu omi. Màmá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ariwo ni yóò bẹ́, nítorí mo mọ ẹni tí mo ń bá gbé. Ó bọ́ rọ́bà pupa, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì dìde. "Ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ẹ fẹ́ràn mi débi tí ẹ fi ń purọ́ fún mi. N kò lè bá yín jókòó mọ́." Ọdún mọ́kànlélógún ló lò níbẹ̀, kò sì padà lọ jókòó síbẹ̀ mọ́.

Ní kùtùkùtù Mọ́ńdè, ó pe gbogbo wa jọ síwájú mọ́ṣáláṣí. Àwọn ìyá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Ìyá Mùíná náà wà níbẹ̀. Ó lè ní ara òun ni kò yá. Ó lè ra aago bíi ti tíṣà, kí ó sì dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo wa rí àtàǹpàkò tó wú náà.

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ yára," ni ó wí. "Èmi ni mo lọ́ra."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò kan sáárá sí i lọ́jọ́ náà. Inú bí mi. Ojú tì mí. Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì mi pé mo ń lọ. Mo ní, níwájú gbogbo wọn, "Ẹ̀yin lẹ tàn mí, Màmá." Ní ilé Yorùbá, ìgbátí ló yẹ kí ó tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò gbá mi. Ó ní, "Òótọ́ ni," ó sì wọlé.

N kò sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láràárọ̀ ni ó ń wá sẹ́nu yàrá, á pè mí, "Títí," n kò ní dáhùn, á sì lọ. Ní ọjọ́ kan, kò pè mí. Ó wọlé, ó jókòó sétí ibùsùn, ó sì gbé ìdì pósítà àti rọ́bà pupa sórí ẹsẹ̀ mi.

"Bí o kò bá ní sáré, wá máa kà. Mùíná fẹ́ sá, kò sì sí ẹni tó máa kà á."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ni n kò lè gbàgbé. Ẹ̀bẹ̀ ni, ó sì jẹ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo sunkún, mo sì ki rọ́bà bọ ọwọ́. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ mi, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, títí tí èmi àti kókó ìròyìn fi ń jọ parí rímù kan. Bí mo bá kánjú, á ní kí n tún un kà. Bí mo bá fà, á ní kí n tún un kà. Mo padà sáré, ṣùgbọ́n igba ó lé méjì ni mo parí sí láyé mi. Mùíná ló já igba, igba ó dín mẹ́sàn-án, àtàǹpàkò tèmi ló kà á. Òun ló sì lọ sí ilé ìwé náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo jowú rẹ̀, mo sì sin ín dé ibùdókọ̀. Ìyá rẹ̀ rán ṣòkòtò méjì fún un, àwọn tó gùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ìjọba yí padà lẹ́ẹ̀melòó kan, gọ́tà náà kò yí padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá kò lè gbé apá àti ẹsẹ̀ òsì. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí ó máa rìn lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ dé ilé ìdáná ní ìparí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó wo ọ̀ọ̀dẹ̀ náà. Ó ní kí n lọ mú pósítà wá. Ìdì kan ṣì kù lábẹ́ ibùsùn, ojú kánsẹ́lọ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Igba," ni ó wí. "Kí n tó kú, n ó rìn ín ní igba."

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogún ni. Ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó di irinwó ó lé àádọ́ta, ó wá dúró ṣinṣin sí irinwó ó lé mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, kò kúrò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì, ó sì ń fi oúnjẹ sílẹ̀ láwo. N kò lè fara dà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jẹ́ kí àtàǹpàkò mi máa sinmi díẹ̀ lórí bébà kọ̀ọ̀kan. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo ti rí i rí. Ó di irinwó ó dín ogún. Ó di ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Nígbà tí mo pe igba ó lé ogún, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, ó sì yíjú wo ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́.

"Títí, ṣé ọwọ́ ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé o ti darúgbó ni?"

"Rárá, Màmá."

"Tóò. A jẹ́ pé irọ́ lo ń pa."

Ó rìn padà wá sọ́dọ̀ mi, ó gba gbogbo àkókò tó fẹ́ gbà. Ó di àtàǹpàkò mi mú, pẹ̀lú rọ́bà tó wà lára rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi," ni ó wí. "Kà á dáadáa."

Ó lọ, mo sì kà á dáadáa. Irinwó ó lé mẹ́jọ ni. Mo pe iye náà pẹ̀lú omi lójú. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ padà fún.

"Ìyẹn gan-an ni ẹsẹ̀ mi sọ fún mi. Mú mi padà sẹ́nu ọ̀nà. N ó tún un rìn."

Oṣù mẹ́rin ló fi tún un rìn kó tó kú.

Ọ̀gá Láyí, tí òun náà ti hu ewú, ló tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ọ̀fẹ́ ló sì fi ṣe. Ọ̀ọ́dúnrún la sọ fún un. Mo ki rọ́bà pupa bọ ọwọ́, mo sì kà á níwájú rẹ̀. Ó dín mẹ́rin.

"Títí, ta ló máa kà á?" ni Ọ̀gá Láyí wí. Bó ṣe sọ ọ́ tán, a wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí ẹ̀rọ. Ó tẹ mẹ́rin sí i.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni keje tó dìde ní Màmá ṣe àṣeyọrí gbogbo ohun tó fi ọkàn sí láyé. Wọ́n ṣe àmín. Èmi kò ṣe é. Igba ni ó fẹ́. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́fà ni ó rìn. Mo kà á dáadáa.